Kọ́tìnì Aláwọ̀ Méjì

"Ìyá Awò, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé káàdì wa nìyí?"

Adàwékọ ilé iṣẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Aláròyé. Ó ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ láti Ọjọ́rú. Àárọ̀ Sátidé yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gba ìwé jíjó tó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ Ìyá Awò ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì pòṣé.

"Inú àgbá tí ẹ ti ń sun pàǹtí ni mo ti rí i," ni Ìyá Awò dáhùn. "Ọ̀rọ̀ yín tó sọnù ló wà lára rẹ̀. Wò ó, kò tíì jó tán: 'run'."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan èyí náà." Aláròyé fa dúrọ́ọ̀ kan síta, ó yọ káàdì kan lé e lọ́wọ́. Káàdì náà le bí èèpo ẹ̀yìn ìwé. "Káàdì nìyẹn. Èyí tó jó yìí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Orí irú rẹ̀ ni àwọn akójọ máa ń kọ gbólóhùn wọn sí kí n tó dà á kọ sórí káàdì. Tí mo bá dà á kọ tán, mà á ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, Màmá Ìgbálẹ̀ á sì sun ún lọ́jọ́ Ẹtì. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sun ohunkóhun tí kò yẹ kó sun."

Ìyá Awò yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ awò náà kò dọ̀tí.

Ilé tí wọ́n wà yìí, ilé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún àwọn ènìyàn wa ni. Wọn kì í jókòó kí wọ́n máa fi orí ro ìtumọ̀. Àwọn akójọ á wá gbólóhùn tí ẹnìkan sọ tàbí tó kọ ní tòótọ́, wọn á kọ orúkọ ẹni náà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí káàdì bá pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe láàárín ẹgbẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ilé náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sára ògiri: A KÌ Í HUN GBÓLÓHÙN.

Ní àárọ̀ àná, ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ débẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan kò sí nílé. Irínwó káàdì ó lé méjìlá, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan, 'run'. Èéfín ń rú lẹ́yìnkùlé. Màmá Ìgbálẹ̀, agbálẹ̀ wọn, ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ìyá Awò tọwọ́ bọ inú àgbá, ó fa ìwé jíjó yìí yọ, ó ní ẹjọ́ ti parí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Ọ̀gá dúró níbẹ̀. Bàbá Gègé, akójọ tó dàgbà jù, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Kódà, omi bọ́ lójú Bàbá Gègé. Ó ní òun kò lè wò ó.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ti fọwọ́ sí ìwé. Ní Ọjọ́ Ajé, wọn á gbé ìyá náà lọ síwájú adájọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á fi ìkánjú ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìṣẹ̀. Ìyá Awò wọ awò rẹ̀ padà. Ó dà bí ẹni pé ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀.

* * *

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sun lẹ́yìnkùlé yín?"

Olùkọ́ àtijọ́ ni Ọ̀gá, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ nídìí ìwé kíkà, kò gbé ìyàwó rí. Ojú tì í. "Èmi? Tí wọ́n bá ti gbé káàdì síwájú mi, mi ò bèèrè ibi tí ìyókù gbà."

"Ó dáa. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n gbé?"

Ojú Ọ̀gá là, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ àkọ́bí rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Kékeré a-bi-ilé-rẹpẹtẹ!
Ó bá ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ó di eré;
ó bá odò lọ, ó di ìṣàn;
ó bá ẹ̀rọ lọ, ó di iṣẹ́;
ó bá olórí ilé iṣẹ́ lọ, ó di àkóso;
ó bá imú ọmọdé lọ, ẹ tètè wá aṣọ ìnumú.
Kò nílé tirẹ̀, ilé ẹni tó bá gbà á lálejò ló ń jẹ́."

"Ọ̀gá, ìbéèrè ni mo bi yín, ẹ ń kì í."

"Ìdáhùn ni mo fi kì í. Òun ló nira jù. Ìdí nìyẹn tí olùyẹ̀wò ilé ìtẹ̀wé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé fi ní òun ni òun á fi dán wa wò, láti káàdì kìn-ín-ní dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ta ló sọ ọ́? Ibo la ti rí i? Tó bá rí irọ́ kan, wọn ò ní tẹ ìwé náà. Ọjọ́rú ni mo kéde rẹ̀ fún gbogbo wọn."

Ọjọ́rú ìkéde, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dúrọ́ọ̀ pòórá. Ìyá Awò ka ọjọ́ náà sórí ìka.

"Ta ló ń bá yín jà?"

"Tísà. Akójọ wa kẹta, lẹ́yìn èmi àti Bàbá Gègé. Ó fibínú lọ lóṣù tó kọjá. Ó ní ìwé wa ò ní jáde láyé."

* * *

Ìyàwó Tísà ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, méjì mìíràn ń fa ìró rẹ̀. Tísà fúnra rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Kò dìde.

"Ẹ ti mú agbálẹ̀ tán, ó wá kan tísà? Ẹ máa bọ̀, ó ku aṣọ́nà."

"Níbo lẹ wà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Mò ń kọ́ ogójì ọmọ ní ìṣirò. Ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú wọn kí ẹ bi í. Ẹ mú èyí tó gọ̀ jù, á rántí, torí mo nà án."

Ìyá Awò kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yọ. "Ẹ ṣáà sọ pé ìwé wọn ò ní jáde."

Tísà ti abọ́ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo sọ ọ́. Mo rí àwọn káàdì kan tí mi ò rí ìdí wọn. Wọ́n á ní inú ìwé báyìí ni gbólóhùn ti wá. Mà á wá ìwé náà kiri, mi ò ní rí i. Mo gbé e tọ Ọ̀gá lọ, ó ní mò ń jowú àwọn àgbà. Ìyá, tí ẹ bá ń wá olè, ẹ fi ẹni tó ń bínú sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ń bẹ̀rù olùyẹ̀wò tí mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé."

"Káàdì orí àwọn ọ̀rọ̀ wo?"

"'Draw.' 'Turn.' 'Hold.' Dúrọ́ọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí ìyẹn."

* * *

Wọ́n da dúrọ́ọ̀ mẹ́ta sórí tábìlì gígùn. Ìyá Awò ń kà, Aláròyé ń tò.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni gbogbo rẹ̀?"

"Ọwọ́ èmi ni. Akójọ kì í sì í fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Àpótí kan náà ni gbogbo wọn ń ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ti jóná. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé lẹ fẹ́ fi mú olè, èmi lẹ máa mú."

"Má dán mi wò. Mo ti mú ẹni tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan."

Ó ń kà lọ. 'Draw': ẹnìkan fa omi, ẹnìkan ya àwòrán, ẹnìkan gba owó ní báńkì, ẹnìkan fa kọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó dúró tì í nínú gbólóhùn ló ń rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ọwọ́ Ìyá Awò dúró.

"Aláròyé, ka èyí fún mi ní èdè wa."

"'Jọ̀ọ́, fa kọ́tìnì náà dé ìdajì tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdajì tó pupa yẹn ń mú oorun kùn mí.' Lẹ́tà aránṣọ kan ni wọ́n ní àwọn ti rí i."

"Èyí ńkọ́? Lábẹ́ 'turn'."

"'A yí ibùsùn náà kí ó lè máa wo ẹnu ọ̀nà.' Ìwé ìrántí ọmọ ogun kan."

"Èyí, lábẹ́ 'hold'."

"'Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ife náà mú, etí rẹ̀ ti kán.' Òṣìṣẹ́ ilé ìmọ̀kòkò kan ló sọ ọ́."

"Ó dáa. Kí lo rí níbi èyí? 'Draw' náà ni."

"'Ó fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà láti orí ibùsùn.' Akọ́lé kan..." Aláròyé gbé káàdì náà sílẹ̀. Ó tún mú ti ọmọ ogun. Ó tún mú ti akọ́lé.

"Wá sọ fún mi," ni Ìyá Awò wí, "aránṣọ, ọmọ ogun, amọ̀kòkò àti akọ́lé, ṣé wọ́n jọ gba yàrá kan ni?"

Wọ́n wá yọ gbogbo irú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó lé ní ogójì. Orúkọ abẹ́ wọn kò bára mu, ṣùgbọ́n fèrèsé kan ni, ife kan ni, kọ́tìnì aláwọ̀ méjì kan ni, àti obìnrin kan tí kò dìde nílẹ̀ rí láti káàdì àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa ìlà sí nídìí," ni Ìyá Awò sọ. "Èmi, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mò ń ṣe. Tí mo bá dé àdúgbò, aládùúgbò ni mo máa ń bi."

* * *

Màmá Ìgbálẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú àtìmọ́lé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ti fi ìdí ìró rẹ̀ nu ibi tó jókòó sí.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó."

"Ìjókòó tí ẹ fún mi náà ni."

Ìyá Awò jókòó sílẹ̀ níwájú ọ̀pá irin, ó kó káàdì sórí itan. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò ní ya ìwé tó ti fọwọ́ sí, àfi kí n mú ojúlówó olè wá. Ẹ ti bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan."

Ó kà á fún un ní èdè wa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ife tí etí rẹ̀ kán. Ibùsùn tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kan kọ́tìnì aláwọ̀ ewé àti pupa, ìyá náà mi orí, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Aṣọ ò tó nígbà yẹn ni."

Ìyá Awò gbójú kúrò lórí káàdì.

"Màmá, mi ò sọ pé aṣọ ò tó."

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ̀yin lẹ rán an. Ilé ta ni?"

"Mi ò mọ ilé kankan."

"Wọ́n máa gbé yín lọ síwájú adájọ́!"

"Kí wọ́n gbé mi. Ẹni tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wẹ̀ títí ó fi kú, tí mo bá a pa ojú dé, kì í ṣe èmi ló máa mú ọlọ́pàá wọ yàrá rẹ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá irin.

Kò nílò láti sọ kún un. Obìnrin tó ṣàìsàn, tó sì ti kú. Akójọ mẹ́ta ló wà: Ọ̀gá, Tísà àti Bàbá Gègé. Ọ̀gá kò gbé ìyàwó rí. Ìyàwó Tísà ló ṣílẹ̀kùn fún un lówùúrọ̀ yìí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Awò wá rántí ojú tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó ń sunkún yẹn rí i kedere pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni.

* * *

Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lókè nígbà tó kanlẹ̀kùn. Bàbá Gègé ṣí i, ó rí i, ó kúrò lọ́nà fún un.

Ibùsùn náà ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń sùn lórí rẹ̀. Ẹní ni bàbá náà tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife tí kò létí wà lójú fèrèsé. Kọ́tìnì náà rèé, ìdajì ewé, ìdajì pupa, ojú ìránṣọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé.

"Ṣé abẹ́ ibùsùn ni?" Ìyá Awò bi í.

"Abẹ́ ibùsùn ni. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e jáde, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn."

Ìyá Awò bẹ̀rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ náà jáde. Gbogbo káàdì pé.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ sọ fún mi."

"Ọdún mẹ́ta ni kò dìde." Ó ń bá ibùsùn sọ̀rọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. "Káàdì mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni Ọ̀gá ń retí. Tí mo bá lọ wá gbólóhùn nígboro, ta ni á fún un lómi? Màmá Ìgbálẹ̀ ń wá lówùúrọ̀, á wẹ̀ ẹ́, á lọ síbi iṣẹ́. Ìyókù ọjọ́, èmi àti ẹ̀ ni. Ni mo bá ń kọ ohun tó bá sọ, àti ohun tí mo bá rí. Mà á yí i sí Òyìnbó, mà á wá ẹni tí mo máa ní òun ló sọ ọ́. Wọn ò lè gba ogún gbólóhùn lẹ́nu ẹnìkan. Mo sọ ọ́ di aránṣọ. Mo sọ ọ́ di ọmọ ogun. Ẹ wò ó, obìnrin tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà."

"Kí ló dé tí ẹ ò dáná sun ún ní Ọjọ́bọ̀? Ẹ̀rí ò bá ti tán."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Inú rẹ̀ ni ìyàwó mi wà," ni ó sọ.

Ìyá Awò jẹ́ kí ìyẹn kọjá. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó gbé e wá. "Ẹ dúró tì mí lẹ́bàá àgbá yẹn lánàá."

"Mo dúró."

"Gbólóhùn kan péré láti ẹnu yín: 'Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìyẹn.' Mi ò bá ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó dé ètè mi. Mo ní kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ lọ, mà á wá sọ. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹni tó wẹ ìyàwó mi. Mi ò tíì sùn. Ibi tí mo bá kọjú sí, ọwọ́ rẹ̀ nínú irin yẹn ni mò ń rí."

"Èmi náà," ni Ìyá Awò wí. "Ẹ wọ bàtà."

* * *

Ìyá Awò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àtìmọ́lé. Níwájú kọ́ńsítébù méjì, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Màmá, mo kánjú. Mo fi ẹnu mi pè yín lólè. Ẹ má fi bú mi."

"Dìde, jàre," ni Màmá Ìgbálẹ̀ sọ. "Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Mi ò tíì gbá a."

Ṣùgbọ́n nígbà tó rí Bàbá Gègé tó jókòó sí tábìlì, kò lè ṣe àwàdà mọ́. Ó jókòó jìnnà. Ọ̀gá ti dé, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń yọ káàdì yàrá yẹn sọ́tọ̀. Àádọ́rùn-ún ó lé méje.

"Ẹ bá mi wá iná," ni ó sọ. "Kí n tó lọ sọ fún olùyẹ̀wò pé irọ́ ló kún inú ilé mi."

"Ẹ dúró," ni Màmá Ìgbálẹ̀ wí. "Èmi ló ń sun nǹkan níbẹ̀. Mi ò sì gbọ́ Òyìnbó. Ṣé kí n máa sun ohun tí mi ò mọ̀ títí ayé? Ẹ ka ọ̀kan fún mi. Èyí tó gbẹ̀yìn."

Ìyá Awò mú un. Láàárín gbogbo káàdì ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti di omi ẹ̀rọ, tó ti di imú tó ń ṣàn, tó ti di oògùn tó ń tán lọ nínú ìgò, èyí nìkan ló padà sí ẹsẹ̀ níbi tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kà á: "'Mo sáré. N kò bá a.' Wọ́n ní awakọ̀ kan ló sọ ọ́."

Bàbá Gègé kò gbórí sókè.

"Ilé oògùn ló lọ lọ́jọ́ náà," ni Màmá Ìgbálẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ lójú títì, kò mọ̀. Mo juwọ́ sí i pé kó má sáré mọ́." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yin lẹ kàwé, èmi ò kàwé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kì í ṣe irọ́. Ojú mi ló ṣe. Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni irọ́."

Ọ̀gá gba káàdì náà lọ́wọ́ Ìyá Awò. Ó wo káàdì. Ó wo ògiri àgọ́ ọlọ́pàá, bí ẹni pé òfin tó kọ sára ògiri ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Níkẹyìn ó yọ gègé láti àpò, ó tì í síwájú Bàbá Gègé lórí tábìlì.

"Fa ìlà sórí orúkọ tí o hun. Kọ tìrẹ síbẹ̀, kí o kọ ti ìyàwó rẹ níbi tó bá jẹ́ pé òun ló sọ ọ́. Gbogbo àádọ́rùn-ún ó lé méje. Ká tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ, ká tó sọ̀rọ̀ adájọ́. Èmi á gbé e síwájú olùyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Tó bá ní òun ò tẹ̀ ẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́."

Bàbá Gègé mú gègé. Ní tábìlì kejì, Ìyá Awò fa ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá sọ́dọ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó mú aláìṣẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgàdà, kí ọ̀gá rẹ̀ má baà ní òun kò rí i.

Lẹ́yìn káàdì bí ogún, bàbá náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ tutù, ó wo ọ̀dọ̀ ibi tí ìyá náà jókòó sí.

"Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín," ni Màmá Ìgbálẹ̀ dáhùn. Ó ń fi ọwọ́ pa ojú ibi tí irin ti gé e lọ́rùn ọwọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wò mí lójú. Ẹ máa kọ ọ́ lọ."